Ilé Èéfín Ẹ̀yìn Ìpetu

Mo fẹ́ràn oúnjẹ, mi ò sì fi bò. Bí ẹnì kan bá ní kí n wá wo ilé tuntun tí òun ń kọ́, mo lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí n wá wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, kó tó dákẹ́ ni mo ti wọ bàtà. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe tà ní Ọ̀fàtẹ̀dó, létí Òṣogbo. Nígbà tí àbúrò ìyá mi pè mí lórí fóònù pé kí n wá wo bí òun ṣe ń ṣe béékìn lóko bàbá wọn lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí mo fi ní, "Ọjọ́ wo?" Ó ní Sátidé. Mo ní Sátidé ti jìnnà jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí béékìn jẹ́ fún ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́. Ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni, níbi tí ọ̀rá àti ẹran ti sùn lé ara wọn lórí ní ìpele-ìpele. Wọ́n á fi iyọ̀ àti ṣúgà ra á lára, á sinmi nínú òtútù fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi èéfín tí kò gbóná kùn ún. Bí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú páànù gbígbóná, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti jí ẹni tó ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jẹ ẹ́ rí, nígbà tí ìjọ wa rán wa lọ ìpàdé ní Ìbàdàn tí a sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti ń padà síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé pọ́ọ̀sì.

Àbúrò ìyá mi yìí ni ọmọ ìkẹyìn ìyá àgbà. Oṣù díẹ̀ ló fi jù mí lọ, abẹ́ òrùlé kan náà ni ìyá àgbà ti tọ́ wa dàgbà, a sì ti jọ jí ẹran nínú ìkòkò rí. Nítorí náà, mi ò ní máa fi "wọ́n" pè é nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Inú rẹ̀ á dùn jù. Bí ará ìta bá wà lọ́dọ̀ wa nìkan ni mo máa ń pè é ní Bùrọ̀dá. Ó ṣe kúùkù ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú kíṣìnì hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ béékìn. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ó padà wálé kí ìyá rẹ̀ má baà dá gbé oko. Ó ra ẹlẹ́dẹ̀, ó sì sọ ilé tí bàbá àgbà máa ń kó kòkó gbígbẹ sí di ilé èéfín.

Ṣùgbọ́n ọjà ò yá. Àwọn ará Ìpetu ń ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n máa fi béékìn ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó wá ránṣẹ́ sí i pé ààyè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kó máa bọ̀. Ó sọ fún gbogbo wa pé òun máa lọ, àfi bí ohun kan ṣoṣo bá bọ́ sí i. Obìnrin kan wà ní Iléṣà tó ní ilé àlejò, àwọn àjèjì tó ń bá iṣẹ́ góòlù wá ló máa ń dé sọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo àárọ̀ ni wọ́n sì ń bèèrè béékìn. Obìnrin náà máa wá tọ́ ti àbúrò ìyá mi wò lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Bí ó bá ní ó dára, á máa rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àbúrò ìyá mi á sì dúró. Bí ó bá ní kò dára, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ á di títà, á gba Èkó lọ, á wá ku ìyá àgbà nìkan lóko pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè mú ìyá àgbà kúrò níbẹ̀. A ti bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ibi tí ọkọ àwọn sùn sí ni àwọn náà máa sùn sí.

Bí ọjọ́ ọ̀hún ṣe rí nìyẹn: ọjọ́ ayọ̀ ni lójú tèmi tí mo fẹ́ jẹun, ọjọ́ ẹjọ́ ni lójú tiwọn.

Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ yà kí láàárọ̀, nílé wọn nítòsí Ọjà Ọba. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó jẹ́ onígbàgbọ́ ni wọ́n sì fẹ́ sílé, ìjọ ìyá mi lèmi náà ń lọ. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Níbo lò ń lọ tí ẹnu ẹ ò fi pa dé báyìí?"

Mo ní mò ń lọ kí ìyá àgbà ní Ìpetu. Wọ́n mọ̀ dáadáa pé irọ́ àbọ̀ ni, gbogbo ilé ló ti gbọ́.

"Bá mi kí àna mi o," ni wọ́n wí. "Sọ fún wọn pé mo ń bèèrè àlàáfíà wọn. Ohun tó o bá sì jẹ níbẹ̀, jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wàláhì, má gbé e wọ ọgbà mi."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Kó o sì fọ ẹnu ẹ kó o tó padà wá kí mi."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo gbé àpò búrẹ́dì tí mo ṣe lọ́wọ́, mo sì wọ mọ́tò Iléṣà. Ní Iléṣà mo pààrọ̀ mọ́tò sí ti ọ̀nà Àkúrẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo igbó ọ̀nà ń dán, àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbín sì ti tẹ́ ọjà sí ẹ̀bá títì. Mo sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí níbi tí mò ń lọ, mo ṣàlàyé béékìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ ayé jẹ o." Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Ìpetu, ọlọ́kadà tó gbé mi ò bèèrè ọ̀nà. Ó ní bí ẹnu èèyàn bá ti ń sọ ẹlẹ́dẹ̀ tó sì gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, òun mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀nà oko ti di ẹrẹ̀, à ń yọ̀ sọ́tùn-ún, à ń yọ̀ sósì, mo di èjìká rẹ̀ mú. A ò tíì rí ilé tí òórùn kan fi pàdé wa láàárín igi kòkó, ó dùn, ó rọra korò díẹ̀. Mo pariwo sí ọlọ́kadà létí. Ọkùnrin náà rò pé mo ti já bọ́, ó sì tẹ bíréèkì.

Ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó obì tí wọ́n ti rẹ sómi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ tútù pa mí lórí.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà ní ulé? Ṣó o ti jẹun? Uyán wà nílẹ̀."

Bí Ìjẹ̀ṣà àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ulé ni ilé, uyán ni iyán, kò sì sí ẹni tó lè wọ ilé wọn kó má jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n fi tèmi pamọ́ ná, béékìn ló gbé mi wá. Wọ́n yínmú. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti ń ṣe é, wọn ò fi kan ẹnu rí. Wọ́n ní ẹran tó bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí èéfín, ẹran tí kò jinná ni. Nígbà èwe wọn, àwọn ni ọdẹ gbogbo agbègbè yẹn máa ń gbé ẹran ìgbẹ́ wá fún láti yan. Bí wọ́n bá yan ẹran tán, téèyàn bá fi kan igi, á dún kó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹran yíyan.

Ibi tí a ti ń sọ èyí ni àbúrò ìyá mi ti jáde láti ilé ìdáná wọn, ó gbé àpáàdì dání, ẹyín iná kún inú rẹ̀ pupa fòò. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ẹnu mi ò gbà á.

"Háà, wọ́n ti ń wí i, mi ò gbà! Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko!"

Ẹ̀rín pa á, àmọ́ kò dúró. "Ará Òṣogbo, máa bọ̀ wá kọ́ṣẹ́," ló fi dá mi lóhùn. "Àpáàdì ló tó kojú iná."

Ọ̀rọ̀ gidi ló wà nínú ohun tó ń ṣe. Ó ní bí òun bá ṣá iná sí igi nínú ilé èéfín, ọwọ́ iná á yọ kí èéfín tó dé, ọwọ́ iná sì ni ọ̀tá béékìn. Ààrò ìyá rẹ̀ ló ti máa ń kó ẹyín iná, á tẹ́ ẹ sínú kòtò kékeré láàárín ilé náà, á wá da èérún igi obì tó ti rin lé e lórí. Èérún igi yẹn kò ní gbiná, á kàn máa rú èéfín. Bí ẹyín iná yẹn bá ti fẹ́ kú, á lọ kó òmíràn wá. Láti àná ló ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ilé amọ̀ kékeré ni, páànù ló fi bò ó, gbogbo ògiri ti dúdú. Èéfín kọ́kọ́ ta mí lójú, nígbà tí ojú mi là, mo rí wọn. Àwọn ègé ẹran ńlá so rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì lórí ìkọ́ irin, àwọ̀ wọn pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Mo pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé ògiri. Ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Tí ọwọ́ ẹ bá lè dúró síbẹ̀, ó ń lọ dáadáa," ló wí. "Tó bá lé ọwọ́ ẹ, ẹran ti ń sè nìyẹn. A ò sè é. Ọ̀rá yẹn ò gbọdọ̀ yọ́."

Ó da èérún igi lé iná, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní kí n wá wo ìyókù. Kò ní pẹ́, ó ní àwọn ẹyín iná yẹn á gbé e títí a ó fi padà.

A kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti dí imú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró sí mọ́ ju gáréèjì tí mo ti wọ mọ́tò lọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdí kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Abo kan tó sanra wá fi imú tì mí ní ẹsẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò mi. Mo já búrẹ́dì fún un. Àbúrò ìyá mi ní, "O ò ní bà á jẹ́ fún mi báyìí." Mo tún já òmíràn fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yàrá iyọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé. Yàrá kékeré ni, táìlì funfun ló tẹ́ sí i, fírísà sì ń kùn lábẹ́ iná sólà. Ó gbé ègé ẹran tútù kan sórí tábìlì, ó ní kí n fọ ọwọ́, kí n wá ra á. Iyọ̀, ṣúgà, ìyèré gígún àti kánáfùrù díẹ̀ ló pò pọ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ ẹran náà, kí ibì kankan má ṣófo, nítorí ibi tí iyọ̀ ò bá dé ni ìdíbàjẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yẹn láì kọ́ ọ púpọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń po ìyẹ̀fun, mo mọ bí nǹkan ṣe máa ń rọ̀ sí èèyàn lọ́wọ́ tó bá ti gbà. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ, òun náà gbè é. Bí a ṣe ń ra á ni mò ń bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè kan ń bí òmíràn, òun náà ò sì rẹni bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó ń tú u jáde bí omi.

Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹran. Ó ní, "Mi ò fẹ́ lọ o."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Tí obìnrin yìí bá gbà á lónìí, mi ò ní tún gbọ́ ti Èkó mọ́ láyé. Ta ni á máa gbọ́ ikọ́ Màámi láàjìn?"

Mo tún bu iyọ̀. Ibẹ̀ ni òórùn kan ti gba ojú fèrèsé wọlé. Iṣẹ́ ààrò ni iṣẹ́ mi, imú ni mo fi ń jẹun. Mo lè wà lójú títì kí n mọ̀ pé búrẹ́dì fẹ́ jó. Òórùn èéfín kọ́ lèyí mọ́.

"Bùrọ̀dá," ni mo wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àlejò níbẹ̀, "kí ló ń dín?"

Ó sáré jáde tiyọ̀tiyọ̀. Mo tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn ilé èéfín ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, òógùn bo ojú wọn, inú wọn sì ń dùn. Wọ́n ti ru igi gbígbẹ láti ilé ìdáná wọn wá, wọ́n tò ó sínú kòtò náà, ọwọ́ iná sì ń là dé òkè.

"Ẹ má ṣèyọnu mọ́," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí wa. "Uná yìí ti fẹ́ẹ́ kú nígbà tí mo yọjú wò ó, èéfín lásán ló kù níbẹ̀. Mo ti bá yín tún un dá. Kí àlejò yẹn tó dé, á ti gbẹ."

Àbúrò ìyá mi sáré wọ inú ilé èéfín. Ó fi ọwọ́ lásán fa àwọn igi tó ń jó jáde, ó ń sọ wọ́n sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń ké ṣàà. Nígbà tí iná rọlẹ̀, a wo inú ilé. Àwọn ègé tó wà lókè kòtò náà ti súnkì, wọ́n dúdú, ọ̀rá wọn ń kán tó tó tó sílẹ̀. Mo fẹ́ bú sẹ́kún. Inú ń bí mi, mi ò kàn rí ẹni tí mo lè bí inú sí. Ta ló fẹ́ bínú sí ìyá arúgbó tó fi orí ru igi?

Àbúrò ìyá mi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ ni?"

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wo àwọn ẹran. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn.

"Mo ní kó lè dùn lẹ́nu rẹ̀ ni," ni wọ́n wí, ohùn wọn kéré. "Mo ní kí wọ́n má wá bá ẹran tútù ní ulé mi, kí wọ́n wá sọ pé ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ."

Wọ́n he abẹ̀bẹ̀ náà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ fèrè mọ́tò. Obìnrin Iléṣà náà ti dé, ó tètè dé nítorí òjò tó ń ṣú bọ̀. Àbúrò ìyá mi kò gbójú sókè. Ó ní, "Jọ̀ọ́, lọ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa padà lọ. Sọ pé kò sí nǹkan kan."

Mo dìde láti lọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti ṣáájú mi. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ṣì yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi dé iwájú ilé, obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó wọ bàtà funfun, ó ń wá ibi tí ẹrẹ̀ ò sí. Ìyá àgbà rìn lọ bá a tààrà, wọ́n sì kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Igbe tí obìnrin náà ké, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́ ọ. "Háà! Èèwọ̀ o! Màámi, ẹ má pa mí o, kí ni mo ṣe yín?" Ó di apá wọn mú láti gbé wọn dìde, wọ́n kọ̀. Kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kí àgbà tó bí ìyá rẹ̀ wà lórí eékún níwájú rẹ̀, ni òun náà bá kúnlẹ̀ gbì sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá dojú kọ ara wọn. Èyí ní kí ìyẹn dìde, ìyẹn ní kí èyí dìde, kò sí ẹni tó gbà. Ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n mí, èmi náà bá kúnlẹ̀ nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

"Éè ṣe ọmọ mi," ni ìyá àgbà ń wí. "Èmi ni mo dá uná sí i. Ọmọ mi mọ uṣẹ́ rẹ̀. Bó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí. Má torí tèmi jẹ́ kó lọ sí Èkó."

Obìnrin náà wò mí, mo sì ṣàlàyé fún un ní kíákíá, tòótọ́tòótọ́. Ó nu ojú. Ó ní, "Màámi, ẹ dìde ná. Ọ̀nà jìn, mi ò lè wá kí n má fojú kan ẹran. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

A jọ gbé ìyá àgbà dìde. Àbúrò ìyá mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Obìnrin náà kí i, ó bẹ orí wọ inú ilé èéfín, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lórí iná, ó kàn mi orí. Ó rìn dé ìpẹ̀kun, lábẹ́ ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó dúró, ó sì fi ìka tẹ nǹkan.

"Èyí ńkọ́?"

Mo yọjú. Àwọn ègé tó wà ní ìpẹ̀kun yẹn ṣì pọ́n, wọ́n tutù, wọ́n rọ̀. Ọwọ́ iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn, atẹ́gùn ti gbé ooru rẹ̀ kúrò. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kí àbúrò ìyá mi wò débẹ̀, èmi náà ò wò débẹ̀. Mo kígbe pè é. Nígbà tó fọwọ́ kan àkọ́kọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e wá sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, mo rí i tí èjìká rẹ̀ padà sókè.

"Ó dára," ló wí. "Ó dára o!"

Lórí ààrò ìyá àgbà ló ti dín in. Ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tò ó sínú páànù, ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, òórùn yẹn sì gba gbogbo ilé. Òun gan-an ni, òun tí mo gbàgbé sí Ìbàdàn, àní ó tún jù ú lọ. Mo ti gé búrẹ́dì mi sílẹ̀. Obìnrin náà fi méjì sáàárín búrẹ́dì, ó gé e jẹ, ó di ojú. Ó tún gé e jẹ. Àbúrò ìyá mi ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìdìbò. Èmi náà ti di tèmi mú, mi ò lè jẹ ẹ́, ìyẹn sì lágbára fún mi.

"Igi wo lẹ fi ṣe é?" ló wá bèèrè.

"Igi obì ni, mà."

"Àwọn tí mò ń rà láti Èkó, wọn ò ní òórùn yìí." Ó nu ọwọ́. "Màá gbé gbogbo èyí tó dára yìí lónìí. Kẹ́ ẹ sì máa ṣe é fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ta ni á máa ṣọ́ iná?"

"Èmi kọ́ o!" ni ìyá àgbà dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ tán. Mo jẹ, mo jẹ, mo tún jẹ. Obìnrin náà tún ní kí wọ́n bá òun di ọ̀kan nínú èyí tí Màámi yan, pé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló máa bá mu, kò sì ṣe é láti fi tù wọ́n nínú, èyí tó gbẹ jù ló yàn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó wọ mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí kò funfun mọ́.

A wọlé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò ìyá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Màámi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi."

Ìyá àgbà gbé ojú sókè. Òkè ni wọ́n ń wò, níbi tí òjò ti ń gba ojú páànù jò sínú abọ́ tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò jẹ́ bẹ ọmọ wọn níṣẹ́ kankan tó kọjá ọjọ́ tí wọ́n bá wà. Bí ó bá ní òun fẹ́ tún òrùlé ṣe, wọ́n á ní kó fi sílẹ̀, abọ́ ń bẹ.

"Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé," ni wọ́n wí, "wàá bá mi pààrọ̀ páànù yẹn."

Ó gbé orí sókè nílẹ̀. "Màámi, mo lè ṣe é lọ́la."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wí."

Ó dìde, ó jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, Màámi. Ẹ̀ẹ̀rùn."